Kí la máa fi ya òdòdó igbó Òṣogbo? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra kámẹ́rà

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ẹ̀bá ọ̀nà ní Òṣogbo kì í pẹ́ yí padà. Yúnyun á ti yọ òdòdó yẹ́lò, imí-eṣú á bo ilẹ̀ tí wọn ò tíì ro, patanmọ́ á so òdòdó rẹ̀ róbótó. Tó bá yá, tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún náà á yọ òdòdó funfun létí omi.

Ẹni tó fẹ́ ra kámẹ́rà sábà máa ń béèrè pé mẹ́gápíksẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ mélòó. Ní ti òdòdó, ìyẹn kọ́ ló ṣe kókó. Ẹ béèrè bí lẹ́ǹsì náà ṣe lè sún mọ́ nǹkan tó kí àwòrán tó di bàìbàì.

Fóònù ni ká fi bẹ̀rẹ̀. iPhone 13 Pro tó jáde lọ́dún 2021 lè sún mọ́ òdòdó dé sẹ̀ǹtímítà 2, ó sì ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ "macro" (ìyẹn yíya nǹkan kékeré láti ìtòsí) sí lára páálí, mẹ́gápíksẹ̀lì 2 péré ni kámẹ́rà macro wọn ní. Tẹ́ ẹ bá fẹ àwòrán rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́ǹsì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ fóònù kò wọ́n, àmọ́ àárín nìkan ló máa ń mọ́.

Ibi tí owó ti sábà máa ń ṣòfò ni kámẹ́rà tòkunbọ̀. Ẹni tó ń tà á á ní kẹ́ ẹ gbé lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 (mm ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ tó, f ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe lè ṣí tó), torí òun làwọn tó ń ya ìgbéyàwó fẹ́ràn. Fún òdòdó, lẹ́ǹsì 18-55mm tí wọ́n ń tà mọ́ kámẹ́rà dára jù ú lọ! Lórí Canon, 18-55mm f/3.5-5.6 IS STM (STM ni irú mọ́tò tó wà nínú lẹ́ǹsì) lè gbé nǹkan tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ kún àwòrán. Ní ti 50mm STM, nǹkan tó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ló kéré jù tó lè gbé kún àwòrán. Òdòdó tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún kan á hàn dáadáa nínú ti àkọ́kọ́, á sì sọnù sáàárín ewé nínú ìkejì.

Imí-eṣú ló le. Orí òdòdó rẹ̀ kan kò tó sẹ̀ǹtímítà 1, òdòdó wẹ́wẹ́ ló sì kóra jọ síbẹ̀, tí irun aláwọ̀ búlúù yọ lórí wọn. Láti rí irun yẹn, ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tí kò wọ́n ni extension tube: kò sí dígí kankan nínú rẹ̀, ńṣe ló kàn ń ti lẹ́ǹsì síwájú. Tẹ́ ẹ bá ki 36mm bọ àárín kámẹ́rà àti 50mm tí mo bẹnu àtẹ́ lù lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ojúlówó macro. Ẹ má ra èyí tí kò ní irin wẹ́wẹ́ tó so lẹ́ǹsì pọ̀ mọ́ kámẹ́rà o. Lórí Canon, ojú lẹ́ǹsì á ṣí sílẹ̀ gbayawu, bíńtín lára òdòdó ló máa mọ́.

Ọ̀nà kejì ni Canon 100mm f/2.8 Macro. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 sí 15 sílẹ̀ láàárín ẹnu lẹ́ǹsì àti òdòdó, nítorí náà òjìji yín ò ní bo òdòdó, kòkòrò ò sì ní tètè fò lọ. Èyí tí kò ní IS (ohun tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù) ni màá rà, torí pé tá a bá ti sún mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, agbára IS máa ń dín kù gan-an.

Ẹni tó bá fẹ́ Nikon, kó rántí pé kámẹ́rà D3200 àti D5300 kò ní mọ́tò tó ń yí lẹ́ǹsì kí àwòrán lè mọ́: lẹ́ǹsì macro AF Micro 60mm f/2.8D á wọ̀ ọ́, ọwọ́ lẹ ó sì máa fi yí i.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ǹsì tòkunbọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bí òwú aláǹtakùn lára dígí, olú ti wọ̀ ọ́. Ẹ dá a padà. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kó dúró síbẹ̀.

Nínú Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sínú àkójọ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, abẹ́ igi ṣókùnkùn, a kì í sì í já ewéko ibẹ̀. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó gbé kámẹ́rà wọlé. Àpò ẹ̀wà kékeré tẹ́ ẹ lè gbé kámẹ́rà lé nílẹ̀ wúlò ju tripod (ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta) gíga lọ níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ òrúrù lẹ fẹ́ yà, kò sí ìkankan nínú wọ̀nyí tó máa bá a lókè igi. Lẹ́ǹsì 75-300mm lẹ máa wá.