Matẹnẹ́ẹ̀lì ìjọba ní Kétu: ohun tí ọmọ mi rí gbà níbẹ̀

Àwọn ìyá tí a jọ ń tajà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, máa ń bi mí bóyá matẹnẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, tiẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ jí ní kùtùkùtù. Èsì mi ni pé ó tó bẹ́ẹ̀, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá ṣáà ti jẹ́ èyí tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀. Ọmọ mi méjì ló ti gba matẹnẹ́ẹ̀lì kọjá. Ẹ̀gbọ́n lọ sí ti aládàáni ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nígbà tí ọkọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àbúrò lọ sí ti ìjọba ní Kétu lẹ́yìn tí a padà sílé. Ti Kétu ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kò lè yé yín dáadáa láìkan ti Àjàṣẹ́. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan.

Ọdún méjì ni matẹnẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ wa. Ọmọ á wọ kíláàsì àwọn kékeré bó bá ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, á bọ́ sí ti àwọn àgbà, lẹ́yìn náà ló kan CI, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa gorí rẹ̀ títí dé CM2 tó kẹ́yìn, àti CEP, ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti sọ matẹnẹ́ẹ̀lì àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ náà ní ìwọ̀n o: a ń dá owó ẹgbẹ́ òbí, a ń ra ẹní, a ń rán aṣọ, ọmọ á sì gba owó ẹ̀kọ àti àkàrà láràárọ̀. Síbẹ̀ gbogbo ohun tí mo ná ní Kétu kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa ní Àjàṣẹ́.

Ilé tí wọ́n fi ọ̀dà aláràbarà kùn ni ti Àjàṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́ tónítóní, olùṣọ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì ń kí òbí tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Nínú kíláàsì, sílétì ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Olùkọ́ á kọ lẹ́tà sójú pátákó, ọmọ ọdún mẹ́ta á máa dà á kọ títí ọwọ́ á fi máa ro ó. Ẹni tó bá fi Yorùbá tàbí Gùn sọ̀rọ̀ dípò Faransé, wọ́n á so nǹkan kan mọ́ ọn lọ́rùn, á máa gbé e kiri títí ọmọ mìíràn á fi ṣèèṣì sọ èdè ilé ìyá rẹ̀, kí ó tó bọ́ ọ fún ìyẹn. Ọmọ mi ka A dé Z kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, gbogbo àlejò tó wá ilé wa ló ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àmọ́ ó di ẹni tí kì í béèrè nǹkan mọ́. Nígbà tó dé CI, olùkọ́ rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọwọ́ ọmọ yìí dán nínú ìkọ̀wé, ṣùgbọ́n bí òun bá bi í ní ìbéèrè, ojú òun ló máa ń wò láti mọ èsì tí òun fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ọdún yẹn gan-an ni a kó padà sí Kétu, tí mo fi àbúrò rẹ̀ sí ti ìjọba.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Tàǹtí, bí a ṣe ń pe olùkọ́ wọn, ní kí àwọn ìyá tó bá ráyè wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, mo sì lọ. Orí ẹní ni àwọn ọmọ wà. Tàǹtí da ìdérí ìgò síwájú ọmọ mi, pupa àti funfun, ó ní kí ó tò wọ́n sí ìlà méjì. Ọmọ mi to pupa, ó fi àyè sáàárín wọn; ó to funfun, ó fún wọn pọ̀. Tàǹtí bi í pé, “Èwo ló pọ̀ jù?” Ó ní pupa ni, torí òun ló gùn. Mo ti fẹ́ la ẹnu, Tàǹtí ṣẹ́jú sí mi pé kí n dákẹ́. Kò sọ fún ọmọ pé ó ṣì í. Ó kàn ní, “Ó dáa, wá ẹnì kejì fún pupa kọ̀ọ̀kan.” Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi pupa kan ti funfun kan. Nígbà tí pupa tán nílẹ̀, funfun méjì ṣẹ́kù. Ó wò wọ́n, ó wo Tàǹtí, ó figbe ta: “Funfun ló pọ̀! Pupa kàn nara ni!” Ìgbà náà ni Tàǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú Faransé wọ̀ ọ́, ó ní kí gbogbo wọn sọ “rouge”, kí wọ́n sọ “blanc”, wọ́n sì ń sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, torí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bá fi irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ dà nígbà tó wà lọ́jọ́ orí yẹn! Ohun tí mo ń wá nìyẹn, n kò tíì mọ bí n óò ṣe pè é ni.

Àwọn kan á sọ pé bí olùkọ́ bá ń bá ọmọ sọ Yorùbá, Faransé kò ní wọ̀ ọ́ lórí. Àbúrò mi tó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ló fi ìtàn kan dá mi lójú. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ọmọ mi wà ní CI báyìí. Faransé rẹ̀ kò ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í bẹ̀rù láti sọ ọ́, bí kò bá sì mọ ọ̀rọ̀ kan, á béèrè.

Tàǹtí tó gbà á ní ọdún kejì kì í ṣe ọmọ Kétu, Fọ̀n ni. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Àṣé obìnrin náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: á gbé nǹkan sókè, á bi àwọn ọmọ pé, “Kí lẹ ń pe èyí nílé yín?” Wọ́n á dáhùn, á tún un sọ, ahọ́n rẹ̀ á lọ́, wọ́n á tún un ṣe fún un. Inú wọn máa ń dùn gan-an pé àwọn ń kọ́ Tàǹtí níṣẹ́. Nígbà tí ọdún fẹ́ parí, ó ń pa àlọ́ Ìjàpá fún wọn ní Yorùbá, wọ́n sì gé páálí, wọ́n fi ṣe ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n gbé jó lójú gbogbo wa.

Ó tún wá sílé wa. N kò rí irú rẹ̀ rí ní Àjàṣẹ́. Ó bá mi níbi tí mo ti ń wọn gàrí fún oníbàárà, ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ máa ka agolo fún mi, kí n má sì yára dá a lóhùn bó bá ṣì í kà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, ó ní irú rẹ̀ wà nínú matẹnẹ́ẹ̀lì Perry tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 ní Ypsilanti, ní Michigan ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́. Ọmọ 123 ni wọ́n tọpa wọn; 58 nínú wọn ló lọ sí matẹnẹ́ẹ̀lì yẹn, olùkọ́ sì ń bẹ ìyá wọn wò nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n pé ẹni ogójì ọdún, owó tó ń wọlé fún àwọn tó lọ pọ̀ ju ti àwọn tí kò lọ, àwọn ọlọ́pàá kò sì mú wọn tó ti àwọn yẹn.

Àléébù wà, kì í sì í ṣe kékeré. Èrò pọ̀ jù nínú kíláàsì àwọn kékeré, ẹnì kan ṣoṣo kò lè gbọ́ ti gbogbo wọn. Ọmọ mi sunkún wálé láìmọye ìgbà torí kò rí ẹni sọ fún pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n òun. Ṣálángá tó wà níbẹ̀, ti àgbàlagbà ni, ihò rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ òbí fi owó tí a ń dá ṣe ti àwọn ọmọdé, mo ti sọ ọ́ nípàdé, n óò sì tún un sọ. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi tí ọmọ á fi fọwọ́, àwa ìyá la ń pọn ọ́n lọ.

Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ óò fi ọmọ sí, ẹ má wo ọ̀dà ara ilé. Ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní àárọ̀, kí ẹ fetí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ohùn olùkọ́ nìkan lẹ ń gbọ́, tàbí tí gbogbo ọmọ ń fi ohùn kan ṣoṣo kéwì, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe sí ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ẹ wo ṣálángá fúnra yín. Inú oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń wọlé, ẹ tètè lọ forúkọ sílẹ̀, àyè kì í pẹ́ kún. Bí ẹ bá sì ń tajà bíi tèmi, ẹ ti wá ẹni tí yóò máa gba ọmọ ní ọ̀sán, nítorí wọn kì í dúró de ìyá tó bá wà lọ́jà. Ìyá ọkọ mi ló ṣe é fún mi, òun náà ni yóò sì ṣe é fún àbíkẹ́yìn mi tó máa wọlé síbẹ̀ lọ́dún yìí.