Odi àti yàrà Ilé-Ifẹ̀: ọjọ́ méjì nídìí ohun tó ṣẹ́ kù

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá ni mo fi ọjọ́ méjì wo àwọn ibi tí odi ìlú Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́ ṣì ti hàn lórí ilẹ̀. Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, àdúgbò Ìlódè ni mo gbé dàgbà, síbẹ̀ mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ̀ pé òkìtì gbọọrọ kan tí àwa ọmọdé máa ń gùn, tí a sì máa ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí rẹ̀, jẹ́ ara odi tí àwọn baba ńlá wa mọ yí ìlú ká. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí ní kíkún. Ó rọrùn púpọ̀ kí ènìyàn dúró lórí odi Ifẹ̀ kí ó tún máa béèrè pé níbo ni odi wà, èmi kò sì fẹ́ kí ẹni tó wọkọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn wá gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ padà sílé.

Ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú òkúta kúrò lọ́kàn. Kò sí òkúta gbígbẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé ìṣọ́ tàbí ìlẹ̀kùn onírin. Erùpẹ̀ ni odi Ilé-Ifẹ̀, kì í sì í dá wà, nítorí yàrà ni ìkejì rẹ̀. Àwọn tó ṣe é wa kòtò gígùn yí ìlú po, wọ́n sì ń da erùpẹ̀ tí wọ́n ń wà jáde sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ilé, títí ó fi di òkìtì gíga. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló bí ààbò méjì, nítorí pé bí yàrà bá ti ń jìn sí i ni odi ń ga sí i, ọ̀tá tó bá sì já sínú yàrà ní láti gun jíjìn yàrà àti gíga odi pa pọ̀, nígbà tí àwọn tó ń ṣọ́ ìlú wà lókè orí rẹ̀. Àmọ́ òjò kì í jẹ́ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró bí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ọdọọdún ni ó ń fọ erùpẹ̀ orí odi padà sínú yàrà tí wọ́n ti wà á jáde, òkìtì ń rẹlẹ̀, kòtò ń kún, títí àwọn méjèèjì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tó kù kí wọ́n tó dọ́gba ni à ń lọ wò lónìí.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti Mùsíọ́mù ìjọba tó wà lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Láti ibẹ̀ mo lọ sí Ìta Yemòó, níbi tí àwọn lébìrà tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ti kan àwọn ère idẹ ní 1957, tí awalẹ̀pìtàn Frank Willett sì wá walẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ àpáàdì ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń lọ sídìí odi kọ́kọ́ rí: àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n tò ní ìnàró, ọ̀wọ́ kan fì sí ọ̀tún, òmíràn fì sí òsì, bí ẹní tí a hun. Ìtàn ìlú sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú tó lè kó ènìyàn jọ láti to àpáàdì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó lè kó ènìyàn jọ láti wa yàrà, àwọn awalẹ̀pìtàn sì gbé ilẹ̀ àpáàdì àti odi tó dàgbà jù sí nǹkan bí sáà kan náà, láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹrìnlá.

Odi gan-an, inú oko ni mo ti rí i dáadáa. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Olóko, ní oko kòkó lẹ́yìn ìlú, òun ló sì gbà láti mú wa lọ. A dé etí oko ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọyẹ́ ṣì mú, ewé kòkó ti bo ilẹ̀. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, n kò rí odi kankan. Bàbá ní, "Àbẹ̀kẹ́, yé wòkè. Wo ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà."

Nígbà náà ni mo rí i. Láàárín igi kòkó àti obì, ìlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà tó ń tẹ̀ kọrọdọ lọ láìdáwọ́ dúró, kò sì sí àgbẹ̀ tí yóò dédé gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú yàrà ni wọ́n wà. Yàrà tó ti kún dé ìdajì ṣì ń gba omi òjò dúró ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ, erùpẹ̀ ọlọ́ràá sì ń ti orí odi wá sínú rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà, láti ayé bàbá tó bí bàbá mi, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbin ohun tó bá fẹ́ràn ọ̀rinrin sí. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, n kò tún nílò ẹni tí yóò nawọ́ sí odi fún mi. Mo ń wá ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ń wá ibi tí koríko ti tutù jù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, mo sì ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí ìlú, òkìtì á sì wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ẹ kò bá mú ohun mìíràn nínú àgbéyẹ̀wò yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú èyí: yàrà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, òun ni yóò fi odi hàn yín.

Bàbá fi àdá la ọ̀nà fún wa, a sì sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ga jù mí lọ dáadáa, dúró sísàlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì kù púpọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibi tí orí òkìtì wà. Bẹ́ẹ̀ yàrà yìí ti kún o, a ò mọye ọgọ́rùn-ún ọdún tí òjò ti fi ń dà á.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ibi tí àgbàrá ti la odi náà, tó fi jẹ́ pé a rí ikùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Erùpẹ̀ dúdú wà nísàlẹ̀, erùpẹ̀ pupa wà lókè. Lójú mi, ìdàkejì ló yẹ kí ó jẹ́, nítorí ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga, erùpẹ̀ dúdú ni yóò kọ́kọ́ bá kí ó tó kan pupa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló là á yé mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ rò ó wò bí wọ́n ṣe wà á." Àwọn tó ń wa yàrà kọ́kọ́ da erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kan yangí nísàlẹ̀, orí erùpẹ̀ dúdú náà ni wọ́n da yangí lé. Odi jẹ́ yàrà tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tí í ṣe ojú ilẹ̀ bí ó ti rí ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, èédú tí àwọn awalẹ̀pìtàn bá sì bá ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ yẹ̀ wò láti fi mọ ọjọ́ orí odi. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ìlà náà fún ìgbà pípẹ́. Ilẹ̀ tí ẹnì kan tẹ̀ kẹ́yìn kí wọ́n tó da odi bò ó ni mo fọwọ́ kàn.

Ó yẹ kí àlejò mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe odi kan ṣoṣo ni Ifẹ̀ ní. Paul Ozanne, awalẹ̀pìtàn kan tó rin àwọn odi náà tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1969, fi hàn pé oríṣiríṣi odi ló wà, tí wọn kì í ṣe ti ìgbà kan náà. Ní 2015, àwọn awalẹ̀pìtàn Gérard Chouin àti Adìsá Ògúnfọlákàn bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Chouin sì ti dábàá pé ìlú náà ṣófo gan-an ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, bóyá nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, débi pé odi àtijọ́ di àpatì. Lẹ́yìn èyí ni ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé, tó lé àwọn ará Ifẹ̀ kúrò nílé lẹ́ẹ̀mejì, ní 1849 àti ní 1882, odi mìíràn sì jẹ́ ti sáà ìjà wọ̀nyẹn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá nawọ́ sí òkìtì kan tó sì sọ fún yín pé Odùduwà ló mọ ọ́n, ẹ bá a ṣe pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì béèrè èwo nínú àwọn odi náà ni.

Bàbá mú wa dé ibi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ti gba àárín odi kọjá. Ó gbà pé bodè ni, mo sì gbà á gbọ́, nítorí pé àlàfo náà fẹ̀ dọ́gba, yàrà sì dúró níbẹ̀ láìkọjá, ohun tí àgbàrá kì í ṣe. Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, orúkọ ìlú tí ọ̀nà bá lọ ni wọ́n sábà máa ń fi pe bodè, oníbodè a sì máa gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn tó ru ẹrù wọlé. Lẹ́yìn odi ni igbó ilé wà, igbó kìjikìji tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé, kí ẹlẹ́ṣin má baà rí àyè sáré wá. Ní àwọn ìlú tí ogun ń yọ lẹ́nu, wọ́n tún ń mọ odi kejì tó gba oko mọ́ra, tí wọ́n ń pè ní odi Àmọlà, kí ebi má baà ṣe ohun tí ọ̀tá kò lè ṣe. Mo jókòó sí bodè yẹn mo jẹ àkàrà tí mo gbé wá, mo sì ń fojú inú wo àwọn tó ru iṣu dúró de ìgbà tí yóò kàn wọ́n.

Ọjọ́ kejì kò dùn tó bẹ́ẹ̀. A lọ wo odi nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan láàárín ìgboro, níbi tí wọ́n ti sọ yàrà di ààtàn. Ọ̀rá omi àti ike ti kún un, èéfín sì ń rú níbẹ̀ nígbà tí a dé. Ní ibòmíràn, a bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń wa erùpẹ̀ odi sínú típà fún àwọn tó ń kọ́lé. Ọ̀kan nínú wọn kí mi dáadáa, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, òkìtì lásán ni wọ́n pè é fún wa." N kò lè bínú sí i, nítorí òkìtì lásán ni èmi náà ń pè é títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ sí àwọn tó mọ̀, tí wọn kò sì ri pátákó kan ṣoṣo mọ́lẹ̀ síbẹ̀ láti sọ ohun tó jẹ́. Odi tí òjò kò lè rẹ̀ tán ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, típà mẹ́wàá tó láti kó apá kan rẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ti ìmúra, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, láàárín Bélú sí Èrèlé, nígbà tí koríko ti gbẹ tí ilẹ̀ kò sì yọ̀. Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn, nítorí èèsún àti ejò. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí afinimọ̀nà tí ìjọba yàn, nítorí náà àgbẹ̀ tó ni oko ni kí ẹ wá, ẹ kí i bó ti yẹ, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ohun tí ọwọ́ yín bá ká. Wákàtí mẹ́ta tó fún apá ti oko. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dà láàmú lè dúró lókè, yóò ṣì rí ìlà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ má gun ibi tí àgbàrá ti gé, nítorí ó lè ya lulẹ̀.

Ẹni tó bá ń fẹ́ gíga tó ń ba ni lẹ́rù, Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ tó wà ní Ìjẹ̀bú, ni kí ó lọ, níbi tí ó ti ga tó nǹkan bí mítà 20 ní àwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ yàrà. Ti Ifẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń béèrè sùúrù ju ti ibẹ̀ lọ. Síbẹ̀ mo fún apá ti inú oko ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ti ìgboro kò sì ju méjì lọ, nítorí ìtọ́jú rẹ̀ ni, kì í ṣe nítorí odi.

Kí a tó kúrò lóko ní ọjọ́ kìíní, Bàbá gé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan láti inú yàrà, ó gbé e lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí. A dín lára rẹ̀ jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.