Ẹ̀kọ́ ìgbaninímọ̀ràn fún àwa tí à ń tọ́jú ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: èrò mi

Bí ẹ bá jẹ́ olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ san owó ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ san án. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é, àmọ́ ó tún iṣẹ́ mi ní Adó-Èkìtì ṣe.

Nínú àwọn tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló máa ń ní afásíà, ìyẹn ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ tàbí gbígbọ́ ọ̀rọ̀ yé tí ọpọlọ tó fara pa ń fà. Bí a ṣe máa dá ọ̀rọ̀ padà sí wọn lẹ́nu ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Ohun tí a ó ṣe nígbà tí bàbá tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe tíṣà bá ti káàdì àwòrán dànù tó bú sẹ́kún, a ò gbọ́ nípa ìyẹn. Kíá la máa ń sọ pé, "Ẹ má sunkún mọ́ bàbá, Ọlọ́run á ṣe é." Orí ìkánjú yìí gan-an ni apá tó dára jù nínú ẹ̀kọ́ náà dá lé. Ìtùnú tó bá tètè dé máa ń pa ẹni tó fẹ́ sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ lẹ́nu mọ́, pàápàá ẹni tí ọ̀rọ̀ ò rọrùn fún. Wọ́n ní ká dákẹ́, ká dúró, ká wá sọ ohun tí a rí: "Bàbá, ó dùn yín gan-an." Lẹ́yìn náà, ká kọ ọ̀rọ̀ mélòó kan gàdàgbà sórí ìwé, ìbínú, ẹ̀rù, ìtìjú, kí wọ́n fìka tọ́ka sí tiwọn. Bàbá kan tọ́ka sí "ìtìjú". Ìyàwó wọn tó jókòó tì wọ́n ti rò látọjọ́ yìí pé inú ló ń bí wọn sí òun.

Ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tí Aura Kagan, olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kan, gbé kalẹ̀ ní Toronto ní Kánádà wà nínú ẹ̀kọ́ náà: kí a sọ ọ́ síta fún aláìsàn pé a mọ̀ pé ó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Fún àwọn ìyá tí ò kàwé, mo ń ya àwòrán, ẹnu Èkìtì ni mo sì fi ń bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ẹ̀kọ́ náà tún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó ń jáde fúnra rẹ̀. Ìyá kan lè kọ orin ìsìn délẹ̀, kó ka oókan dé ẹẹ́wàá, kó má lè pe omi. Ẹbí á ní ó ń díbọ́n, àwọn míì á ní ayé ló ń ṣe é. Ohun tó ti mọ́ni lẹ́nu tipẹ́ kì í gba ọ̀nà kan náà nínú ọpọlọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hun. Ṣíṣe àlàyé yìí fún ẹbí wà lára ìgbaninímọ̀ràn, ó sì ti bá mi parí ìjà nínú ilé àwọn ènìyàn.

Wọ́n kọ́ wa ní SADQ-H10, ìbéèrè mẹ́wàá nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ẹni tó sún mọ́ aláìsàn máa ń dáhùn. Wọ́n kìlọ̀ pé ẹkún lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ lè ṣàdédé bọ́ láìsí ìbànújẹ́, àti pé ẹni tó bá ń fi hàn pé ikú yá òun, ọ̀dọ̀ dókítà ìlera ọpọlọ (psychiatrist) ló yẹ ká gbé e lọ kíákíá.

Fídíò ẹ̀kọ́ náà ń jẹ dátà. Búrẹ́dì àti kọfí ló kún inú àwòrán wọn. Mo fi iyán rọ́pò.

Àléébù tó dùn mí ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Ènìyàn méjì nínú yàrá títì ni gbogbo àpẹẹrẹ wọn. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó, àrẹ̀mọ, àbúrò, nígbà míì pásítọ̀, gbogbo wọn ló ń wọlé, wọ́n á sì máa bá aláìsàn dáhùn. Báwo ni èmi ọmọdé ṣe fẹ́ bi àgbàlagbà nípa ìtìjú rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀? Wọn ò sọ ọ́. Mo ti kọ̀wé sí wọn lórí èyí. Ní báyìí, mo ń kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹbí, kí èmi àti bàbá dá jókòó díẹ̀. Tí mo bá wá pè wọ́n wọlé, mo máa ń bẹ àrẹ̀mọ pé kó jẹ́ kí bàbá kọ́kọ́ dáhùn, bó ti wù kó pẹ́ tó.