AirTag, táàgì olówó pọ́ọ́kú àti flash ara kọ́kọ́rọ́: èwo ló wúlò n'Ifẹ̀?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ń rà kọ́ ni wọ́n ń rà bí wọ́n bá ra AirTag, táàgì kékeré ti Apple tí à ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ tàbí báàgì kí a lè wá a rí bó bá sọnù. Kò sí GPS nínú rẹ̀, kò gba síìmù, kò sì mọ ibi tó wà fúnra rẹ̀. Bluetooth ló fi ń ké kiri. iPhone tó bá kọjá nítòsí, bí dátà bá wà lórí rẹ̀, á gbọ́ igbe náà, á sì fi ibi tó ti gbọ́ ọ ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ mọ̀ rárá. Ẹni tó ni AirTag nìkan ló máa rí i lórí máàpù, nínú áàpù Find My. Ẹni tó bá ra AirTag n'Ifẹ̀, iPhone àwọn ará àdúgbò ló gbójú lé.

Torí náà, ibi tí nǹkan ti sọnù ló ń sọ bóyá owó yín jóná. Bí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ ní Anglo-Moz, ibùdókọ̀ inú ọgbà OAU, láàárọ̀, nígbà tí kòròpé ń já àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, tàbí tó kù sórí tábìlì ní yàrá ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi, èrò tó ń kọjá pọ̀ tó láti gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ inú oko kòkó lọ́nà Ìfẹ̀tẹ̀dó ló bọ́ sí, máàpù á kàn máa tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, bóyá Sábó, bóyá ẹnu ọ̀nà ilé yín. Kò parọ́. Láti ìgbà yẹn ni kò ti sí ẹni tó gbóhùn rẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó wo àmì orí máàpù, ẹ kọ́kọ́ wo aago tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ nǹkan náà. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta sẹ́yìn" yàtọ̀ pátápátá sí "àná". Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń pa dátà bí a kò bá lò ó, iPhone tí dátà rẹ̀ kú kò sì lè jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nínú ilé, ó dáa gan-an. Ẹ tẹ Play Sound, á dún lábẹ́ tìmùtìmù tàbí nínú àpò ẹ̀wù. iPhone 11 sókè, yàtọ̀ sí àwọn bíi SE àti 16e, á tún fi ọfà tọ́ yín sọ́nà, á sì sọ iye mítà tó kù. Bí ẹ bá jù ú sínú àpótí irin ni kò ní gbéṣẹ́, nítorí irin ń dí Bluetooth.

Apple gbé èyí tí à ń yẹ̀ wò yìí jáde ní 2021 ní dọ́là 29, iye tí wọ́n ń tà á níbí sì ń bá dọ́là lọ sókè sódò. Ó wúwo tó gíráàmù 11, omi òjò kì í ṣe é ní nǹkan. Àléébù rẹ̀ tó ń bíni nínú ni pé kò ní ihò tí a lè ki rìngì sí. Ẹ ní láti ra àpò rẹ̀ lọ́tọ̀. Àpò rọ́bà rírọ̀ máa ń ya níbi ihò, AirTag á jábọ́, kọ́kọ́rọ́ á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnnì irin.

Bátìrì CR2032 ló ń lò, á sì tó nǹkan bí ọdún kan kó tó kú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tún aago ọwọ́ tàbí kọ̀ǹpútà ṣe, òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ní ìtumọ̀: mìlímítà 20 ni fífẹ̀ rẹ̀, 3.2 ni sísanra rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé CR2025 lé yín lọ́wọ́ pé "ọ̀kan náà ni", ẹ dá a padà. Ó tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní fara kan irin inú rẹ̀ dáadáa. Àwọn bátìrì kan sì wà tí wọ́n fi nǹkan kíkorò kùn kí ọmọdé má baà gbé e mì, ohun tí wọ́n fi kùn ún yẹn lè má jẹ́ kí AirTag ṣiṣẹ́. Láti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀yìn onírin mọ́lẹ̀, ẹ yí i sápá òsì, ẹ gbé bátìrì tuntun sí i kí apá tó ní àmì + kọjú sókè. Bó bá dún, ó ti wọlé. Bí kò bá dún, ẹ má tíì dé e.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni táàgì olówó pọ́ọ́kú. Oríṣi méjì ni, wọ́n sì jọra lójú. Ọ̀kan ń bá Find My ṣiṣẹ́ lóòótọ́, kò sí ohun tó ṣe é, àyàfi pé kò ní ọfà. Èkejì kò mọ̀ ju áàpù tirẹ̀ lọ: á dún bí ẹ bá wà nínú yàrá kan náà, bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ó parí. Ẹ dán an wò níwájú ọlọ́jà. Ẹ ṣí Find My, ẹ lọ sí Items, ẹ tẹ +. Bí iPhone kò bá rí i, ẹ má sanwó. Bó bá jẹ́ AirTag àlòkù ni, ẹ rí i pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lórí àkáǹtì rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kò ní lè lò ó láéláé.

Ẹni tó ń lo Android kò gbọ́dọ̀ ra AirTag rárá. Galaxy SmartTag2 ti Samsung, tó jáde ní 2023, ní ihò gidi, bátìrì rẹ̀ sì lè lò tó ọjọ́ 500, àmọ́ fóònù Galaxy nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Fún Android yòókù, ẹ wá èyí tó ń bá Find Hub, áàpù tí Google fi ń wá nǹkan, ṣiṣẹ́, bíi Chipolo tàbí Moto Tag. Bí Google ṣe tò ó ni pé ó dìgbà tí fóònù bíi mélòó kan bá gbọ́ táàgì náà kó tó fi ibi tó wà hàn yín. Ìyẹn lè rọrùn ní Lágéré. Kò ní rọrùn ní àdúgbò tó dákẹ́.

Bí nǹkan tí AirTag wà lára rẹ̀ bá sọnù, ẹ tan Lost Mode nínú Find My kí ẹ sì fi nọ́ńbà yín síbẹ̀. Ẹni tó bá he é lè fi fóònù tó ní NFC, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí fóònù ka nǹkan tó bá fara kàn án, kan apá funfun AirTag náà, nọ́ńbà yín á jáde. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó kékeré kò ní NFC, nítorí náà ẹ kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé pélébé, kí ẹ kì í bọ inú àpò rẹ̀. Bó bá jẹ́ olè ló gbé e, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Láti 2024, iPhone àti Android ló ń kìlọ̀ fún ẹni tí táàgì ẹlòmíràn bá ń tẹ̀ lé, olè náà á sì jù ú nù. Bí máàpù bá ṣì fi ilé kan hàn yín, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí ẹ mú un lọ. Ẹ má dá ilé yẹn lọ.

Wàyí o, flash tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́. Táàgì lè bá yín wá flash, kò lè bá yín wá prójẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ bí ẹni tó he é bá ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Èyí tó tún burú ju kó sọnù ni flash ayédèrú. Wọ́n kọ 128GB sára rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà gbà bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ kò sì ju 8GB lọ. Ẹ̀yìn tí 8GB bá kún, ó lè máa kọ fáìlì tuntun lé ti àtijọ́ lórí láìsọ̀rọ̀. H2testw, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Windows, á kọ nǹkan kún un, á sì kà á padà láti mọ̀ bóyá ó pé. F3 ló ń ṣe é lórí Linux. Ó ń pẹ́, ẹ jẹ́ kí iná wà. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà tí kò ní UPS (bátìrì tó ń gbé e dúró bí iná bá lọ) ń kọ fáìlì lọ́wọ́, fáìlì yẹn lè má ṣí mọ́. Ẹ tẹ Eject kí ẹ tó yọ flash.

Ẹ̀dà mẹ́ta la ń fẹ́: ọ̀kan lórí láptọ́ọ̀pù, ọ̀kan lórí flash tí kò sí nínú báàgì kan náà, ọ̀kan lórí Google Drive. 15GB ọ̀fẹ́ ni Google ń fúnni, Gmail àti Photos ló sì jọ ń pín in, WhatsApp orí Android náà ti dara pọ̀. Prójẹ́ẹ̀tì nìkan kò lè kún un, fídíò ayẹyẹ ló ń kún un. Àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fún ọdún méjì, Google lè pa á rẹ́.

Ìṣòro tó kù ni pé bí fóònù àti síìmù bá jọ lọ, ẹ lè má rí Drive wọ̀, nítorí orí nọ́ńbà yẹn ni Google máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Nínú àkáǹtì Google yín, lábẹ́ 2-Step Verification, ẹ wá Backup codes, ìyẹn kóòdù tí ẹ lè fi wọlé láìsí síìmù. Mẹ́wàá ni wọ́n, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ̀ wọ́n jáde, ẹ tọ́jú wọn sílé pẹ̀lú sàtífíkéètì yín. Inú pọ́ọ̀sì kọ́ ni ààyè wọn.