Ẹ̀rọ BVAS àti ìkànnì IReV: ibi tí ìdánwò kò dé

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, mo sin ìyá mi lọ sí ibùdó ìdìbò wa ní Ebute Metta. Aláró ni wọ́n, aró àti ọṣẹ sì ti pa ìlà ìka wọn rẹ́, nítorí náà ẹ̀rọ BVAS, tí INEC, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, fi ń dá olùdìbò mọ̀, kò rí ìka wọn kà. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di wàhálà. Ó ní, "Ẹ gbójú sókè díẹ̀, Màmá," ó gbé ẹ̀rọ náà síwájú wọn, ẹ̀rọ sì dá ojú wọn mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo gbóríyìn fún ẹni tó ronú kan ìyẹn, nítorí ìka nìkan ni ẹ̀rọ tí a lò ní ọdún 2015 ń kà, ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan pàápàá kò sì ṣeé kà fún un ní Otuoke.

Ìdánwò sọ́fítíwia ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ní Yaba, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i lórí apá kejì iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ka ìbò tán, ẹ̀rọ yìí kan náà ni wọ́n fi ń ya àwòrán fọ́ọ̀mù èsì, EC8A, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí IReV, ìkànnì èsì ìdìbò INEC, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wo èsì àdúgbò rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ìdìbò gómìnà Èkìtì àti Ọ̀ṣun ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ìdìbò ààrẹ, èsì àwọn aṣòfin ń wọlé, ti ààrẹ kò wọlé. Àlàyé tí INEC ṣe lẹ́yìn náà ni pé abẹ́ ìpínlẹ̀ ni ètò náà ti ń wá ibi tí yóò fi èsì kọ̀ọ̀kan sí, bẹ́ẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè ni ẹkùn ìdìbò ààrẹ, kò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan.

Àlàyé yẹn ni ó dùn mí jù. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé ló fà á, kì í sì í ṣe àṣìṣe tó ṣòro rí: ẹni tó bá fi èsì ààrẹ kan ṣoṣo dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò rí i. Ìdìbò gómìnà àti ti aṣòfin tí wọ́n ti fi lò ó tẹ́lẹ̀ kò lè fi í hàn, nítorí ìpínlẹ̀ kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Ìdánwò ọjọ́ 4 oṣù Kejì ní ibùdó 436, nínú 176,846, ìjẹ́rìísí olùdìbò ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Iye ibùdó náà kéré, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dán wò ló ká mi lára ju iye lọ.

Ní Brazil, láti ọdún 2009 ni àjọ ìdìbò wọn ti ń pe àwọn ará ìta wá kí wọ́n gbìyànjú láti fọ́ ẹ̀rọ ìdìbò níṣojú gbogbo ayé. Ó yẹ kí àwa náà ṣe irú rẹ̀. Ohun tó gbà wá là ni pé ìwé la ṣì ń tẹ̀ka sí, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sì ń gba ẹ̀dà EC8A, nítorí náà ohun tí a lè fi wé ohun tí ẹ̀rọ sọ wà. Èmi fúnra mi ya àwòrán èsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibùdó wa. Nígbà tí ti IReV jáde, mo gbé méjèèjì síra, gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ló bára mu.

Mo lè yìn BVAS fún ẹnikẹ́ni láìṣiyèméjì. Ní ti IReV, kí ìdìbò ọdún 2027 tó dé, mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ fi èsì ààrẹ ìdánwò ránṣẹ́ ní wákàtí kan náà, níṣojú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ àti àwọn onímọ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ INEC, kí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde bó ti rí. Màmá ti ní bí wọ́n bá ṣe é ní àdúgbò wa, àwọn yóò gbé àga lọ síbẹ̀, àwọn yóò sì jókòó tì í títí wọn yóò fi parí.