Òkè Patti tàbí àwọn òkè Ògìdì?

Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja ga tó nǹkan bíi mítà 458 sí ìpele òkun, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Mọ́tò lè gùn ún dé òkè, níbi tí ilé ìsinmi Lugard wà. Bí ẹ bá wo ìsàlẹ̀, ẹ óò rí ibi tí Odò Ọya ti pàdé Bẹ́núè. Ó dára fún ẹni tó mú àwọn àgbà dání.

Ṣùgbọ́n òkè Ògìdì ní Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogi kan náà, ni ọkàn mi wà. Àpáta gidi ni, ẹsẹ̀ ara ẹni lèèyàn fi ń gùn ún. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò máa wá ibi tó rí gbágungbàgun kó lè dì í mú. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò: àpáta á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára tó ń fìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ tètè jí. Láàárọ̀ kùtù ó tutù lẹ́sẹ̀, lọ́sàn-án ó ti gbóná bí agbada àkàrà. Ẹ gbé omi tó pọ̀ dání, kí ẹ sì kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ìlú. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ ya ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ. Ìlú Nike Okundaye, gbajúmọ̀ aláàdìrẹ, lẹ wà yẹn.