Edmontosaurus Oníke: Orí Rẹ̀ Dára, Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kò Tọ̀nà

Mo ra ère oníke kan fún ọmọ àbúrò mi, èyí tí páálí rẹ̀ pè ní Edmontosaurus annectens, dáínásọ̀ ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ tí ó gbé ní ìwọ̀-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà títí di òpin sáà Cretaceous, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn.

Orí rẹ̀ wù mí púpọ̀. Ẹni tí ó ṣe é mọ̀ pé iwájú ẹnu ẹran yìí kò ní eyín rárá, àti pé inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún eyín tí ó fi ń lọ ewéko tò pọ̀ sí, tí tuntun ń hù bí ti àtijọ́ ṣe ń jẹ tán. Ìpẹ́ kéékèèké tí ó wà ní ara ère náà tọ̀nà pẹ̀lú, nítorí pé ní ọdún 1908, Charles Sternberg, tí ó máa ń wá egungun ẹranko ayé àtijọ́, àti àwọn ọmọ rẹ̀ rí òkú ọ̀kan lára ẹran yìí ní Wyoming ní Amẹ́ríkà, tí àmì awọ rẹ̀ ṣì hàn lára òkúta. American Museum of Natural History ní New York ni ó wà.

Ọwọ́ ni ó bà á jẹ́. Wọ́n fi awọ so ọmọ ìka pọ̀ bíi ti ẹyẹ omi, èyí tí onímọ̀ dáínásọ̀ Henry Fairfield Osborn gbà gbọ́ nígbà tí ó ṣàpèjúwe òkú náà ní 1912, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ẹran tí ó bo ìka ni ó gbẹ tí ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, àti pé orí ilẹ̀ ni ẹranko náà ń rìn. Ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èékánná ṣóńṣó bíi ti apẹranjẹ ni wọ́n fi sí i. Ní 2025, Paul Sereno àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé òkú méjì mìíràn láti Wyoming, tí amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò nípọn tó mìlímítà kan gba àwòrán awọ wọn sílẹ̀: pátákò ni ó wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ogbe sì gba ọrùn àti ẹ̀yìn kọjá kí ó tó di ẹ̀gún tí ó tò ní ìlà kan lórí ìrù. Ẹ̀yìn èyí tí mo rà ń dán bọ̀rọ́. N kò lè dá ẹni tí ó ṣe é lẹ́bi nítorí ogbe tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ti ọwọ́ kò ní àwíjàre.

Ike rẹ̀ le dáadáa, ọ̀dà rẹ̀ kò bó, ó sì ń dúró láìṣubú. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ọmọdé yóò máa wọ́ kiri ilé ni ẹ ń wá, ẹ rà á. Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ ni yóò lò ó ní kíláàsì, ẹ wá èyí tí ó ní pátákò.